Iye ìyípo mọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ṣíṣe ẹ̀rọ ìpọ́nrin láti ara mọ́tò oníná àlòkù

Kò sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tàbí ti wẹ́dà tí kò nílò ẹ̀rọ ìpọ́nrin, nítorí pé ṣísẹ́lì tí kò mú a máa fa igi ya, bíìtì tí kò mú kì í sì í lu irin mọ́, ṣe ló kàn ń gbóná. Ẹ̀rọ tuntun wà lọ́jà, ṣùgbọ́n mọ́tò oníná, ìyẹn èyí tó ń yí nínú ẹ̀rọ ilé, tó ṣì dára pọ̀ nínú ohun tí àwọn èèyàn ń kó fún àwọn tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù kiri àdúgbò, tí wọ́n á gbé sórí òṣùwọ̀n bí irin àti bàbà lásán. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i, torí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ bí a ṣe lè yan èyí tó yẹ lára wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bèèrè bóyá mọ́tò náà lágbára. Lójú tèmi, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé ìgbà mélòó ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan.

Òkúta ìpọ́n tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 150 mm, èyí tó wọ́pọ̀ gan-an, máa ń ní nọ́ńbà lára bébà rẹ̀: iye ìyípo tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan, àti eré tí etí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sá kọjá, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 35 m/s (mítà 35 ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Bí a bá fi òkúta yìí sẹ́nu mọ́tò tó ń yí ní ìgbà 2,850 ní ìṣẹ́jú kan, etí rẹ̀ á máa sáré bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí kò sì tíì dé ààlà. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ń yí ní ìgbà 10,000, eré náà á di mítà 78. Ìyípo ti di ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀, ṣùgbọ́n agbára tó fẹ́ fa òkúta ya láti inú ti di ìlọ́po 12. Òkúta yìí kì í ṣe irin. Hóró líle tí wọ́n fi amọ̀ sísun dì pọ̀ ni, kì í tẹ̀ kó tó fọ́, bó bá sì fọ́, ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ kò ní ráyè sá.

Ìdí nìyí tí n kò fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lo mọ́tò oníkáábọ̀nù (èyí tí káábọ̀nù kéékèèké ń gbé iná wọ inú apá tó ń yí) tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ tòkúnbọ̀ tí ilẹ̀kùn wọn wà níwájú. Ẹnu mọ́tò náà máa ń yí ju ìgbà mẹ́wàá lọ kí dírọ́ọ̀mù tó yí lẹ́ẹ̀kan, bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó iná inú ẹ̀rọ náà, ló sì ń ka eré rẹ̀ tó ń dín iná rẹ̀ kù. Bí a bá yọ ọ́ jáde, tí a so ó mọ́ iná tààrà láìsí ẹrù lórí rẹ̀, eré rẹ̀ á kàn máa pọ̀ sí i ni. Fídíò tí wọ́n ti ń fi òkúta sẹ́nu irú mọ́tò yìí, láìsí ìbòrí kankan, pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rù sì máa ń bà mí nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń wò wọ́n.

Mọ́tò tí kò ní káábọ̀nù yàtọ̀. Iná ìlú wa jẹ́ 50 Hz (ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tí a bá sì so mọ́ iná yìí kò lè yí kọjá ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú wọn, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti pọ́m̀pù omi orí ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n kọ 0.5 HP sí lára. Ìdí pọ́m̀pù ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, síìlì á gbó, omi á máa jò, wọ́n á sì sọ gbogbo rẹ̀ nù nígbà tí mọ́tò ṣì ń ṣiṣẹ́. Ara mọ́tò yìí dé pa, fáànù tó ń mú un tutù wà lóde lẹ́yìn, nítorí náà eruku irin kò ráyè wọ inú kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé sínú mọ́tò. Ẹ lè rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù ní Òwódé Onírin ní Èkó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá rẹ̀. Bó bá ń dún gìrìgìrì, bíárìn ló ti lọ, èyí kò sì burú, nítorí a lè pààrọ̀ bíárìn. Kọ́ìlì ni kí ẹ fi mítà yẹ̀ wò dáadáa. Láàárín wáyà kọ́ìlì àti ara irin, mítà kò gbọ́dọ̀ fi hàn pé iná lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí wáyà mẹ́ta bá jáde, ẹ wọn wọ́n ní méjì méjì: àwọn méjì tí òǹkà wọn pọ̀ jù ni orí kọ́ìlì méjèèjì, ìkẹta ni ibi tí kọ́ìlì méjèèjì ti pàdé. Láti ibi ìpàdé yìí, kọ́ìlì tí òǹkà rẹ̀ kéré ni ti iṣẹ́, èyí tí tirẹ̀ pọ̀ ni a ń so kàpásítọ̀ (ohun tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí) mọ́. Kàpásítọ̀ lè di iná mú sínú lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà kúrò lára iná, torí náà ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti tú iná inú rẹ̀ dànù. Ẹ so wáyà ilẹ̀ mọ́ ara mọ́tò pẹ̀lú. Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ rántí pé iná tí mọ́tò ń fà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lè tó ìlọ́po márùn-ún èyí tó ń fà nígbà tó bá ti ń yí, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀pá pọ́m̀pù sábà máa ń tín-ín-rín ju ihò òkúta lọ, nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ lathe (èyí tó ń yí irin kí a lè gé e) ló kù, kó gé ìbọ̀, ìyẹn òrùka irin tó máa kún àlàfo ihò òkúta, tó bá ọ̀pá mu déédéé. Owó iṣẹ́ yìí kọ́ ni kí ẹ ṣọ́; òkúta tí kò dúró sí àárín gbùngbùn á máa gbọ̀n títí bíárìn yóò fi bàjẹ́. Àwo irin méjì tí yóò há òkúta mọ́ àárín gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ òkúta, kí bébà òkúta sì wà láàárín wọn. Ibi tí a ń yí nọ́ọ̀tì sí kó tó le gbọ́dọ̀ lòdì sí ibi tí mọ́tò ń yí sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìyípo náà ni yóò tú u.

Kí òkúta tó wọlé, ẹ fi ìka gbé e dúró láti ihò rẹ̀, kí ẹ fi ìdí súkúrúdáfà oníigi kàn án jẹ́ẹ́jẹ́. Èyí tó dára á dún gbọnrangandan bí àwo tánganran. Èyí tó bá dún pọ̀ pọ̀ ti sán nínú, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Ìbòrí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irin tó nípọn, kì í ṣe páànù. Kí àlàfo tó wà láàárín òkúta àti ibi tí a ń gbé irin lé má ju 3 mm lọ, kí irin má bàa há síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tan án, kí ẹ sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán.

Fún ṣísẹ́lì àti irin pléènì, mo yàn láti lo mọ́tò ìfọ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ oníkòtò méjì. Kò lágbára púpọ̀, ara rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbọ́dọ̀ fi nǹkan dènà eruku, ṣùgbọ́n bíi ìgbà 1,400 péré ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé bí irin ṣísẹ́lì bá gbóná kọjá bíi 200°C, líle rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ibi tó bá sì ti di búlúù ti rọ̀, a ní láti pọ́n ọn kúrò pátá. Bíìtì tí wọ́n kọ HSS (irin tó máa ń fara da ooru) sí lára kò ní ìṣòro yìí. Ike omi máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gọ́gù sì máa ń wà lójú mi, ṣùgbọ́n n kì í wọ ìbọ̀wọ́, nítorí pé òkúta lè fà á wọlé, àti pé ọwọ́ lásán ló ń tètè mọ̀ pé àkókò tó láti ri irin bọ omi.