Àyẹ̀wò ọdún: ẹni tó ti rà ló ń bá mi polówó

Ẹ kú òpin ọdún o, ẹ̀yin tá a jọ ń po ọṣẹ, ẹ̀yin tá a jọ ń da àbẹ́là, ẹ̀yin oní-bath bomb (bọ́ọ̀lù olóòórùn tí wọ́n ń jù sínú omi ìwẹ̀) náà. Mo jókòó wo bí ọjà ṣe lọ lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ ìpolówó ni mo dẹ̀ fẹ́ sọ, torí pé kéèyàn ṣe ọjà tó dáa, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́ tọ́wọ́ bá ti mọ́ ọn, àmọ́ kí ẹni tí ò mọ̀ wá rí gbà pé ó dáa, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ti rà lẹ́ẹ̀kan ń bá mi polówó ju gbogbo owó tí mo san sórí Instagram lọ. Owó yẹn mú èèyàn wá lóòótọ́, wọ́n á wò, wọ́n á tẹ láìkì, wọ́n á bá tiwọn lọ. Àmọ́ ẹni tó fi ọṣẹ wẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ ẹ̀, tó gbóòórùn ẹ̀ lára aṣọ ìnura, ìyẹn kì í bi mí bóyá ó dáa, bó ṣe máa rí i gbà ló ń béèrè.

Tiwa yàtọ̀ sí tẹni tó ń ta aṣọ torí fóònù ò lè gbé òórùn. Ẹ ya fọ́tò àbẹ́là títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sẹ́ni tó máa gbóòórùn ẹ̀, ọ̀rọ̀ tá a bá kọ síbẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́ imú. "Òórùn dídùn tó ń tuni lára" ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, gbogbo wa la ń kọ ọ́. Ohun tí imú máa kọ́kọ́ bá pàdé ni mo ń kọ báyìí: èèpo ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ló máa kọ́kọ́ wọlé, ewé mint á tẹ̀ lé e, òórùn pákó gbígbẹ ló dẹ̀ máa kù nínú yàrá tẹ́ ẹ bá pa á tán. Látìgbà yẹn, orúkọ òórùn gan-an làwọn kásítọ́mà fi ń béèrè ọjà lọ́wọ́ mi.

Etí ọṣẹ tó máa ń ṣẹ́kù téèyàn bá gé e tán, èyí tí ò gún régé yẹn, mo ń gé e wẹ́wẹ́, mo ń fi bébà wé e, mo ń kọ orúkọ òórùn ẹ̀ sára, mo ń fi ọ̀kan sínú gbogbo páálí tó bá ń jáde. Kì í ṣe òórùn tẹ́ni náà rà o, òmíràn ni. Ọ̀pọ̀ ọ́ọ̀dà ẹlẹ́ẹ̀kejì, ibẹ̀ ló ti wá.

Tàbẹ́là ló wù mí jù. Mo tẹ káàdì kékeré kan mọ́ ọn: lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tàn án, ẹ jẹ́ kó jó títí ìda á fi yọ́ kan etí ìgò yípo, ẹ gé òwú ẹ̀ kó ku bíi mìlímítà 6 kẹ́ ẹ tó tún un tàn, ẹ má dẹ̀ jẹ́ kó jó ju wákàtí 4 lọ lẹ́ẹ̀kan. Torí téèyàn bá tètè pa á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àárín nìkan lá máa jó wálẹ̀ bíi kànga, ìda á kù rẹpẹtẹ létí, ẹni náà á ní àbẹ́là yín ò dáa, á dẹ̀ sọ fáwọn èèyàn ẹ̀. Káàdì yẹn, ìpolówó gidi ni. Fídíò tí mo ti ń fi sísọ́ọ̀sì gé òwú náà làwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn jù, mi ò dẹ̀ dárúkọ iye owó nínú ẹ̀ rárá.

Ohun kan wà tó ń dùn mí, mo fẹ́ ká jáwọ́ ńbẹ̀. Ká máa kọ pé ọṣẹ wa "ò ní kẹ́míkà", tàbí pé ó ń wo àrùn ara. Caustic soda, tó jẹ́ kẹ́míkà, ló ń sọ òróró di ọṣẹ, tá a bá wọ̀n ọ́n dáadáa kì í ṣẹ́ kù, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó yé èèyàn. Ti pé ó ń wo àrùn, ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, téèyàn bá ti kọ ọ́ sára ọṣẹ, oògùn ni FDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, máa kà á sí. Ẹni tí ara ń yọ lẹ́nu ń gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́.

WhatsApp: wákàtí 24 ni status ń lò kó tó pòórá, broadcast (ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà) ò dẹ̀ ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ò bá sefù nọ́ńbà yín. Nígbà tí wọ́n bá ń sanwó ni mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sefù ẹ̀.

Lọ́dún tó ń bọ̀, mo máa dín iye òórùn kù, mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba ímeèlì àwọn tó ti rà kí òórùn tuntun máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọṣẹ tí mò ń po láìgbé e kaná ń lo ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lórí pẹpẹ kó tó ṣeé tà, torí náà tìparí ọdún gbọ́dọ̀ ti di pípò kí oṣù kẹwàá tó parí, màá máa ya fídíò ẹ̀ látọjọ́ tí mo bá ti dà á, kí wọ́n ti máa retí ẹ̀.