Ọkọ̀ Méjì Létí Ọ̀sà Àgbádárìgì

Ti ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, n kò ní sọ ọ́. Ẹni tó bá ti gbà á kọjá mọ ohun tí egungun ẹ̀yìn ẹni ń rí níbẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé èbúté, inú mi ti bàjẹ́, ìyá mi sì ń bèèrè bóyá mọ́tò kò lè gbé wa dé Gberefu, erékùṣù tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ sókè òkun láyé àtijọ́, ni. Kò lè gbé wa dé ibẹ̀. Ọ̀sà ló wà láàárín.

Ọkọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ fún ìdílé tó bá fẹ́ dá ọkọ̀ gbà. Ẹni tó bá wò wọ́n láti òkè á ní ọmọ ìyá ni wọ́n: fíbà ni méjèèjì, ìjókòó pákó, ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 kan ṣoṣo lẹ́yìn. Ọ̀kan ní ìbòrí tàpólì, ọ̀dà tuntun sì ń dán lára rẹ̀. Èkejì kò ní ìbòrí, ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Alábòrí ń gba ₦25,000 àlọ àtàbọ̀, èkejì ₦20,000. Ìyá mi ti nàka sí alábòrí nítorí oòrùn, ọkọ mi sì ti ń yọ owó.

Mo ní kí wọ́n dúró, mo bèèrè láìfù jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé. Awakọ̀ alábòrí gbé ti àgbàlagbà wọ àbíkẹ́yìn mi, ó ní, "Àǹtí, kò séwu, omi yìí ò jìn." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Jákẹ́ẹ̀tì tó bá tóbi ju ọmọ lọ, bí ọmọ bá já sómi, jákẹ́ẹ̀tì á léfòó, ọmọ á gba abẹ́ rẹ̀ bọ́. Mo di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú, mo fà á sókè, ó sì bọ́ lọ́rùn ọmọ láìtú okùn kankan. Ọkọ mi rí i, ó dá owó padà sápò. Inú bí mi gan-an. Ẹni tó ń gba ₦25,000 lọ́wọ́ ìdílé, ṣé kò yẹ kó ra jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé ni?

Bọ̀dá tó ni ọkọ̀ kejì kò pe oníbàárà rárá. Omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ló ń gbọ́n. Ó ní jákẹ́ẹ̀tì kéékèèké, pẹ̀lú okùn tó ń gba àárín itan ọmọ kọjá kó má baà yọ. Àjẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó. Okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá ṣubú sómi wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ti alábòrí kàn ń rọ̀ dirodiro lára ẹ́ńjìnnì ni. "Màmá, ẹ jókòó sáàárín, ẹ fi gèlè borí, a ò ní pẹ́."

Láàárín ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì kú. Koríko ojú omi ló wé mọ́ pùròpẹ́là, èyí tó ń yọ òdòdó elésè àlùkò, tó gba ojú omi Porto-Novo wọ Àgbádárìgì ní 1984, tó sì ń da àwọ̀n apẹja rú títí dòní. Àyà mi já. Bọ̀dá ò pariwo. Ó gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ó fọ̀bẹ gé koríko náà pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà tó lọ́ mọ́ ọn, ọkọ mi sì ń fi àjẹ̀ mú ọkọ̀ dúró. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì dáhùn, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni inú mi ti yọ́.

Iyanrìn Gberefu gbóná, ẹ má wọ sálúbàtà pẹlẹbẹ lọ. A dé ibi kànga tí wọ́n ń fún àwọn ẹrú lómi mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ìyá mi dúró níbẹ̀ pẹ́, kò sọ̀rọ̀. Létí òkun, lẹ́bàá òpó méjì tó kọjú sí Àtìláńtíìkì, oníṣòwò kan ń ta àgbọn tútù kan ní ₦2,000. Ní Àgbádárìgì, ilẹ̀ àgbọn! A ná an títí ó fi gba ₦800, omi rẹ̀ sì dùn débi pé a tún rà sí i.

Ẹ san ìdajì owó ọkọ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ san ìyókù nígbà tí ẹ bá padà gúnlẹ̀, kí awakọ̀ má baà fi yín sílẹ̀ lọ gbé èrò míì. Kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán tó le, ẹ ti máa bọ̀. Bọ̀dá tiwa ti ń dúró dè wá, jákẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. A gba nọ́ńbà rẹ̀. Òun ni yóò gbé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà Kérésì.