Ilẹ̀kùn pọtáṣíọ̀mù àti oògùn ṣúgà Màámi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń wà lọ́kàn mi, àtọjọ́ tí Màámi fẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nílé wa ní Òkè-Àdó. Wọ́n ń gbààwẹ̀, wọn ò fẹnu kan nǹkankan láti àárọ̀, àmọ́ wọ́n lo oògùn ṣúgà wọn torí wọ́n ní oògùn kì í ṣe oúnjẹ. Kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òógùn ti bò wọ́n bí ẹni tí òjò pa, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí. Àbúrò mi ló sáré po ṣúgà mọ́ omi, a ń fi ṣíbí bù ú fún wọn díẹ̀díẹ̀ títí ojú wọn fi wálẹ̀.

Glibenclamide ni oògùn yẹn. Inú pancreas wa, ìyẹn ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlìn, ohun tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ní ilẹ̀kùn tóóró kan lára tí èròjà kan tó ń jẹ́ pọtáṣíọ̀mù ń gbà jáde. Téèyàn bá jẹ àmàlà tán, tí ṣúgà dé inú sẹ́ẹ̀lì, agbára tí sẹ́ẹ̀lì rí nínú ṣúgà yẹn ló máa ti ilẹ̀kùn náà, pọtáṣíọ̀mù á há sínú, èròjà mìíràn tó ń jẹ́ kálíṣíọ̀mù á rọ́ wọlé, ínsúlìn á wá tú sínú ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ ló ni kọ́kọ́rọ́ yẹn. Glibenclamide wá gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún, á ti ilẹ̀kùn yẹn pa, o jẹun o, o ò jẹun o, kò bèèrè, ìdí nìyẹn tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ò jẹun fi lè lọ sílẹ̀ jù, ó sì máa ń pẹ́ lára àgbàlagbà gan-an pàápàá tí kíndìnrín ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti àwọn ọmọ ìkókó kan tí wọ́n ní àrùn ṣúgà. Lọ́dún 2004 ni wọ́n rí i pé jíìnì kan (ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tí ara fi ń kọ́ ilẹ̀kùn yẹn) tó ń jẹ́ KCNJ11 ló bàjẹ́ lára wọn, ilẹ̀kùn yẹn kàn ṣí sílẹ̀ gbayawu ni, ínsúlìn ò sì rí ọ̀nà tú jáde, abẹ́rẹ́ ínsúlìn lójoojúmọ́ ló ń gbé ọmọ ró. Nígbà tó di 2006, àwọn dókítà kọ ọ́ jáde pé àwọn fún èèyàn 49 tó ní irú ẹ̀ ní oògùn ìdílé glibenclamide yìí, 44 nínú wọn ló fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Oògùn oníhóró tí àwọn ìyá wa ń rà ní kẹ́míìsì o! Omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi nígbà tí mo kà á.

Minoxidil, oògùn táwọn ọmọkùnrin ń fi pa àgbọ̀n kí irùngbọ̀n lè hù, ilẹ̀kùn irú èyí náà ló ń lọ bá, àmọ́ ṣíṣí ni tiẹ̀ ń ṣí i lára òpó ẹ̀jẹ̀, kí òpó náà lè dẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni tẹ́lẹ̀, kí irun tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára àwọn tó ń gbé e mì.

Màámi wá ńkọ́? A jọ lọ rí dókítà ni, a ro gbogbo ẹ̀ fún un, ó ní kí wọ́n fi glibenclamide sílẹ̀ kí wọ́n máa lo metformin, ìyẹn kì í ti ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ẹ má dá tiyín fi sílẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi dókítà yín kẹ́ ẹ tó gbààwẹ̀. Kóró ṣúgà mẹ́ta ṣì wà nínú báàgì ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n dì í sí náílọ́ọ̀nù, wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án wò kí wọ́n tó jáde nílé.