Ẹ bi gáàsì léèrè kí ẹ tó bú kátálíìsì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin àbúrò mi fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Iye CO (gáàsì carbon monoxide) tí kátálíìsì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú kí gáàsì di epo, ń yí padà ga dáadáa lọ́jọ́ kìíní. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti wọlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi ruthenium díẹ̀ sí i?" Ruthenium ni mẹ́táàlì olówó iyebíye tí a máa ń fi ran kátálíìsì lọ́wọ́. Àyà mi já. Ìbéèrè tí èmi náà bi ara mi fún oṣù méje gbáko nìyẹn. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyí, fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi gáàsì igi ṣe epo, ìyẹn gáàsì tó ní CO àti háídírójìn nínú, tí a ń fi ooru gíga rí lára igi.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ mọ gáàsì yín kí ẹ tó yan irin tàbí kóbáàtì, mẹ́táàlì méjì tí a fi ń ṣe kátálíìsì yìí. Kóbáàtì ń fẹ́ háídírójìn bíi méjì sí CO kan, gáàsì igi kì í sì í sábà ní tó bẹ́ẹ̀. Irin lè fi omi àti CO ṣe háídírójìn tó kù fúnra rẹ̀. Kóbáàtì kò ní ṣe é fún yín. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Ẹ̀kọ́ kejì ni imí ọjọ́, tó ń pa kátálíìsì. Nígbà tí Fischer àti Tropsch, àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì tó kọ́kọ́ sọ irú gáàsì yìí di epo, ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Mülheim, ní Jámánì, ní àwọn ọdún 1920, gáàsì èédú ni wọ́n ń lò, imí ọjọ́ sì pọ̀ nínú èédú. Ti igi kò tó bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló ń tàn wá jẹ. H2S, gáàsì tó gbé imí ọjọ́ sínú, lè wà nínú gáàsì igi kó lé ní ìdá 20 nínú mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ kóbáàtì kò fẹ́ kó tó ìdá kan péré. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn ní 220°C, kì í ṣí mọ́.

Ọdún kẹta ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé mi ni, níbí ní Ìlú Ọba. Kóbáàtì ìdá 15 nínú 100 lórí alumina, èròjà tó ń gbé kóbáàtì dúró, ni mo fọwọ́ ara mi ṣe. Pẹ̀lú gáàsì mímọ́ inú sílíńdà, àràárọ̀ ni mò ń tú ìda jáde nínú ìkòkò ìsàlẹ̀, funfun báláú bí àbẹ́là. A wá so ó mọ́ gáàsì igi. Ọjọ́ mẹ́ta, ó kú.

Mo ṣe òmíràn, mo fi ruthenium sí i, ó kú. Mo fi silica rọ́pò alumina, ó kú. Titania, ó kú. Mọ́kànlá ni mo ṣe. Ọ̀gá mi sọ níwájú gbogbo èèyàn pé bóyá iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ni tèmi. Màmá mi á pè láti Ìjẹ̀bú, màá ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mú un, ẹ̀yìn ọwọ́ mi kan aṣọ tí a fi wé ìkòkò sínkì ókísáìdì, èyí tó yẹ kó máa gba imí ọjọ́ sílẹ̀ kí gáàsì tó dé ọ̀dọ̀ kóbáàtì. Ó tutù bí òkúta. 350°C ló yẹ kó wà, 350 náà ló sì ń hàn lójú àpótí tó ń darí ooru rẹ̀. Mo tún un wò: iye tí a pa láṣẹ fún un ló ń hàn, kì í ṣe iye tó wà nínú ìkòkò. Mo tọ wáyà rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ẹnìkan ti yọ ọ́ lọ fi mú reactor tirẹ̀, ìkòkò tí kátálíìsì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, gbóná.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú yàrá iṣẹ́ wa ni. Ó ní òun rò pé mo mọ̀. Kò kọ ọ́ síbì kankan, kò sì bẹ̀ mí títí dòní. N kò ní purọ́ pé ó ti tán nínú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ nǹkan lára ẹ̀rọ ẹlòmíràn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀! Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ orúkọ yín. Ọdún ọmọ ọlọ́mọ lẹ ń fi ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí kátálíìsì bá kú, ńṣe ni mò ń da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò kan, màá mì í pọ̀, màá bu díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò èérún kábọ́ọ̀nù. N kò fìgbà kan ní kí wọ́n wo imí ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ imí ọjọ́ kì í pa kátálíìsì káàkiri lẹ́ẹ̀kan náà; òkè, níbi tí gáàsì ti ń wọlé, ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa sọ̀ kalẹ̀. Ìkọkànlá ni mo pín sí mẹ́ta. Imí ọjọ́ kún ti òkè, ti ìsàlẹ̀ kò ní ju díẹ̀ báyìí lọ.

A so wáyà padà, a pààrọ̀ sínkì ókísáìdì. Mo gbé èyí àkọ́kọ́ padà, láìsí ruthenium kankan. Ó ṣiṣẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Àwa la pa á fúnra wa.

Nítorí náà mo ní kí àbúrò mi fi ruthenium sílẹ̀ ná. Kó fa gáàsì díẹ̀ lẹ́yìn ìkòkò sínkì, kó fi bébà lead acetate, èyí tó ń yí àwọ̀ padà bí H2S bá kàn án, sí i. Tó bá ti pọ́n tàbí dúdú, ó ti rí olè. Tó bá fẹ́ tú reactor, kó jẹ́ kó tutù nínú nitrogen, kó fi afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀, torí kóbáàtì tí háídírójìn ti fọ̀ lè gbiná. Kó sì má da nǹkan kan pọ̀.

Láàárọ̀ yìí ó fi àwòrán ìgò mẹ́ta ránṣẹ́. Ó ti kọ òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ sára wọn. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa yẹ̀ wọ́n wò.