Ẹ̀yà 2.0.0: A Ti Yọ Àwọn Tó Ti Gbó

Gbogbo ẹni tó wá síbi ìkómọ lọ́jọ́ Àìkú ti mọ ìdí tí Bàbá Kétu fi dá ẹran padà. Ẹ̀yin tẹ́ ò wá, ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Gaàrí náà jẹ̀bi díẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ software mi kékeré yẹn, èyí tó ń sọ Yorùbá tí wọ́n kọ ní Nàìjíríà di bí àwa ará Bẹ̀nẹ̀ ṣe ń kọ ọ́: ẹ di ɛ, ọ di ɔ, ṣ di sh, p di kp, látinú álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún wa láti 1975. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá wù ló lè tún un ṣe. Àwa mẹ́rin la jọ ń tọ́jú rẹ̀. Mẹ́ta ń sùn.

Nínú ẹ̀yà 1, mo kọ irinṣẹ́ kan tó ń ka lẹ́tà, ṣùgbọ́n tí kò mọ ìṣirò, ó jọ mí. É ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ẹ́ ò ní, ẹ lọ́tọ̀, àmì orí rẹ̀ lọ́tọ̀. Bẹ́ ẹ bá fún irinṣẹ́ yẹn ní “ọ̀rẹ́”, lẹ́tà mẹ́ta péré, á ní márùn-ún ni. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń kìlọ̀ fáwọn tó ń lò ó pé a máa yọ ọ́. Ẹni tó bá sì yọ ohun táráyé ń lò, nọ́ńbà iwájú ló gbọ́dọ̀ yí, kí 1 di 2, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹkún ń bọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo dá. Ẹ mọ̀ mí pẹ̀lú fóònù. Mo ti gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù rí, mo gun àga lọ mú un. Mo ti fún Màmá rí, mo parọ́ gbà á padà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi ọ̀rá wé e, mo rì í sínú bókẹ́ẹ̀tì gaàrí Màmá títí gaàrí fi kan mí ní ìgúnpá. Mo tún wá fọwọ́ tẹ́ ojú gaàrí náà, ó tẹ́jú, ó ń dán, bí sàréè olówó. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́! Mo lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí adájọ́.

WhatsApp wà ní ṣíṣí gbayawu lórí kọ̀ǹpútà náà.

Àǹtí mi ti kọ ohun tí mo máa rà fún ìkómọ sójú ìpàdé ẹbí: tòmátì agbọ̀n kan, ata, àlùbọ́sà, òróró lítà 10, ẹja gbígbẹ, “ẹ má gbàgbé ẹja o”. Mo kọ́pì í, pé kí n lọ tọ́jú ẹ̀ síbì kan, kọ́kàn mi lè balẹ̀. Ni ẹnì kan bá fi fídíò ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn zém, ọ̀kadà tiwa, ránṣẹ́. Mo wò ó. Mo tún un wò, nítorí ewúrẹ́ náà dé akoto, onízém ò dé. Ìgbà tí mo máa padà sẹ́nu iṣẹ́, ìwé àlàyé tó máa bá software lọ ló wà níwájú mi, ibẹ̀ ni mo lẹ ọjà Àǹtí mọ́. N ò wo ẹ̀yìn. Mo fi Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀yà kóòdù, kọ 2.0.0 sí i lórí, mo tì í lọ, ẹ̀rọ gbà á, ó gbé e sórí PyPI níbi tí gbogbo àwọn tó ń fi Python, èdè kọ̀ǹpútà, kọ software ti ń wá nǹkan mú.

Mo wá kọ́pì ìkéde gidi tí mo ti kọ láti àárọ̀, mo fi ránṣẹ́ sójú ìpàdé àwa mẹ́rin. Mo rò pé àwa mẹ́rin ni. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo sùn bí akọni.

Ohun tí àwọn àgbà ìdílé wa kà láàárín òru nìyí:

“Inú wa dùn láti kéde pé a ti yọ gbogbo àwọn tó ti gbó kúrò. A ti ń kìlọ̀ fún yín láti ọdún tó kọjá. A ò ní tọ́jú wọn mọ́. Ẹni tó bá ṣì gbára lé wọn, kó yáa wá ibòmíràn gbára lé.”

Ní ìdájí, Màmá sáré wọ yàrá mi, ó ní gaàrí ń kùn. Mo ní gaàrí kì í kùn. Ó ní kí n wá gbọ́. Lóòótọ́, gaàrí ń kùn, ojú rẹ̀ tí mo tẹ́ ti ń ya. Bàbá Kétu ló ń pè lábẹ́ ilẹ̀, ìgbà kọkànlá. Ó ti fi ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú: “Ta ló kìlọ̀ fún mi lọ́dún tó kọjá? Èmi tí mo ra bàtà ilé-ìwé fún ọ!” Bàbá, ẹ̀yin kọ́, irinṣẹ́ tó ń ka lẹ́tà ni. Ó ní ṣé òun ni mò ń pè ní irinṣẹ́.

Ọkùnrin kan ní Jámánì náà ti kọ̀wé. Ó fi ọ̀wọ̀ béèrè ibi tí òun ti lè rí “ẹja gbígbẹ”, pé òun ti wá a láàárín àwọn nǹkan tí software náà nílò, òun ò rí i. Ará Brazil kan tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ ló dá a lóhùn, ó ní ẹja ò ṣòro, òróró lítà 10 ló pọ̀ jù.

Mo fẹ́ fọ̀ ọ́ nù kíá. Kò ṣeé fọ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá ti gbé sórí PyPI, ẹ ò lè tún àlàyé rẹ̀ kọ. Bẹ́ ẹ pa á rẹ́ pàápàá, orúkọ fáìlì yẹn ò ní ṣeé lò mọ́ láéláé. Ẹ gbọ́dọ̀ bí òmíràn. Mo sì gbọ́dọ̀ lọ sọ́jà.

Ní ọjà Ouando, mo ṣí ojú ìpàdé ẹbí láti wo ohun tí mo fẹ́ rà. Ìjà ti bo ohun tí Àǹtí kọ mọ́lẹ̀: mo yí i lọ sókè títí, èébú nìkan ni mò ń bá pàdé. Kí ni mo ṣe? Mo lọ sórí PyPI. Ibẹ̀ ni mo dúró sí níwájú alálùbọ́sà, tí mò ń ka ẹ̀yà 2.0.0 fún un, ó ń wọn ọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbé 2.0.1 jáde. Mo tún kéde fún ẹbí, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é lọ́tẹ̀ yìí: “Àtúnṣe pàjáwìrì: a ti dá àwọn àgbà padà.”

Bàbá Kétu fi ohùn ránṣẹ́: “Mo ti gbọ́. Ẹran mi ńkọ́?”