Ewé kan, fọ́tò 43

Ewé gbígbẹ kan ṣoṣo ni èmi àti ẹ̀ jọ wọ̀yá ìjà láàárọ̀ yìí. Ìgbà ìwọ́wé la wà, ewé kún ilẹ̀, mo ní kí n fi wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò. Mo ṣa pupa kan, mo gbé e sórí tábìlì, mo yà á. Ó rí bíi páálí. Mo tún un yà, páálí náà ni.

Nígbà tó sú mi, mo fi ìka méjì mú un nídìí, mo gbé e sáàárín èmi àti oòrùn. Háà! Gbogbo iṣan ara ewé yọ kedere, títí kan ihò tí kòkòrò jẹ sí i létí. Àmọ́ nínú fọ́tò, dúdú bí èédú! Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn ewé ló tan kámẹ́rà jẹ. Ó rò pé ibẹ̀ ti mọ́lẹ̀ jù, ló bá dín in kù. (Mo ti fẹ́ sọ pé kámẹ́rà ti bàjẹ́ o.) Mo fi +1 kún ìmọ́lẹ̀ lórí kámẹ́rà (ìyẹn ni pé kó jẹ́ kí fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i), pupa náà bá tàn yòò.

Fọ́tò 43 ni mo yà. Méjì ló dáa. Àtàǹpàkò mi wà nínú ọ̀kan.