Ohun tí àìsàn Sùúrù kọ́ mi nípa aràn ọkàn ajá àti oúnjẹ ilé wa

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Sùúrù, ajá wa, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni ilé wa wà, ajá yìí ni ó sì ń ṣọ́ ọgbà fún wa láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ oṣù mẹ́ta. Ikọ́ náà gbẹ, kì í sì í pẹ́, nítorí náà mo kọ́kọ́ rò pé eegun ẹja ni ó há a lọ́fun. Nígbà tí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ajá tí ó máa ń sá tẹ̀lé ọ̀kadà títí dé ìkángun àdúgbò kò lè rìn dé ẹnu géètì mọ́ kí ó tó jókòó, kí ó máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Màmá Táíwò, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé tiwọn àti tiwa, wò ó, wọ́n ní aràn ni, pé oúnjẹ tí mo ń fún un ni ó sì fà á, nítorí pé ajá tí ó bá ń jẹ ẹran tútù àti ohun dídùn kò lè ṣe kí ó má ní aràn. Mo gbà wọ́n gbọ́, nítorí pé bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ láti ìgbà èwe nìyẹn. Mo ra oògùn aràn ní ilé ìta oògùn, mo lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ikọ́ kò lọ. Mo tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àkókò tí mo fi ń ṣe èyí ṣì ń dùn mí títí di òní, nítorí pé oògùn aràn inú ìfun ni mo ń fún ajá tí aràn tirẹ̀ kò sí nínú ìfun rárá.

Dókítà ẹranko tí mo padà gbé e lọ bá gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀, ó fi ẹ̀kán kan sí abẹ́ ẹ̀rọ awò tí ó ń mú ohun kékeré tóbi, ó sì ní, “Mà, ẹ wá wo nǹkan.” Mo fi ojú sí i, mo rí àwọn nǹkan tín-ín-rín tí wọ́n ń lọ́ bí ejò láàárín ẹ̀jẹ̀. Ó ní ọmọ aràn ni wọ́n. Ó tún ṣe àyẹ̀wò mìíràn tí ó máa ń fi hàn bí àgbà aràn bá wà lára, nítorí pé àwọn ajá kan wà tí àgbà aràn wà nínú wọn tí ènìyàn kò sì ní rí ọmọ rẹ̀ kankan nínú ẹ̀jẹ̀. Èsì méjèèjì bára mu. Aràn ọkàn ni ó ń ṣe Sùúrù.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe aràn yìí ni Dirofilaria immitis. Inú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó ti ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ni àgbà rẹ̀ ń gbé, bí wọ́n bá sì pọ̀ jù, wọn a ya wọ inú ọkàn fúnra rẹ̀. Ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí sìpàgẹ́tì, abo rẹ̀ sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ fojú inú wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ogún tàbí ọgbọ̀n nínú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ ó mọ ìdí tí ajá fi ń wúkọ́, tí ó fi ń rẹ̀ ẹ́, tí ó fi ń rù, tí ikùn rẹ̀ sì fi máa ń wú nígbẹ̀yìn.

Ẹ̀fọn ni ó ń gbé e kiri. Ẹ̀fọn a mu ẹ̀jẹ̀ ajá tí ó ní in, a sì gbé ọmọ aràn mì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ náà. Ní ojú ọjọ́ tí ó móoru bíi tiwa, ọmọ aràn a lo nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 nínú ẹ̀fọn, a yí padà, a sì lọ dúró sí apá ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀fọn náà bá tún ta ajá mìíràn, ojú ibi tí ó ta ni aràn ń gbà wọlé. Láti ọjọ́ náà, ó máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí méje kí ó tó di àgbà tí ń bímọ, àgbà náà sì lè lo ọdún márùn-ún sí méje láàyè. Ọmọ aràn tí kò bá tíì gba inú ẹ̀fọn kọjá kò lè di àgbà lára ajá kankan. Ìdí nìyí tí ajá kò fi lè kó o nípa jíjẹun nínú àwo kan náà pẹ̀lú ajá mìíràn, tàbí nípa pípọ́n ara wọn lá, tàbí nínú ẹran tútù. Àwọn ọmọ tí ń gbá ajá mọ́ra kò sì lè kó o lára rẹ̀.

Mo ronú padà sí bí ilé wa ti rí. Gọ́tà kan gba ẹ̀yìn ilé kọjá, omi kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ nínú rẹ̀ láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá. Táyà àtijọ́ mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kún fún omi. Àwa sùn sínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ní alaalẹ́, ajá tí ó ń ṣọ́ wa sì sùn sí etí gọ́tà. Ẹ̀fọn tí ó fi aràn sí i lára ti kú tipẹ́tipẹ́ kí ikọ́ àkọ́kọ́ tó jáde.

Ìtọ́jú rẹ̀ gba owó, ó sì gba àkókò. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní doxycycline fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí kan tí ń jẹ́ Wolbachia ń gbé inú aràn náà, àìlera rẹ̀ sì ni àìlera aràn. Lẹ́yìn èyí ni abẹ́rẹ́ melarsomine tí ń pa àgbà aràn tó kàn. Mẹ́ta ni wọ́n gún un sínú ẹran ẹ̀yìn rẹ̀: ẹyọ kan lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tí oṣù kan sì kọjá, méjì mìíràn tí wákàtí 24 wà láàárín wọn. Èyí tí ó ṣòro jù fún wa kì í ṣe abẹ́rẹ́. Dókítà ní kí ajá náà má sáré, kí ó má fò, kí a má tilẹ̀ jẹ́ kí ó gbó mọ́ àlejò, nítorí pé aràn tí ó bá kú a já sí wẹ́wẹ́, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ọkàn bá ń yára lù nígbà náà, ajá lè kú lójijì. Oṣù bíi mẹ́rin ni a fi so ó mọ́lẹ̀ nínú yàrá kékeré tí a ń kó ẹrù sí, tí mo ń fi okùn fà á jáde láti lọ tọ̀ nìkan.

Kí ìtọ́jú yìí tó bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan tí ó ń ta oògùn màlúù ti sọ fún mi pé abẹ́rẹ́ ivermectin kan péré yóò parí gbogbo ọ̀ràn. Mo dúpẹ́ pé mo kọ́kọ́ bi dókítà léèrè. Lóòótọ́, ivermectin wà lára àwọn oògùn tí a fi ń dènà aràn ọkàn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ajá nílò jẹ́ máíkírógíráàmù 6 fún kílò kan, ti màlúù sì ní máíkírógíráàmù 10,000 nínú mílílítà kan. Ìyẹn tó ajá 83 bíi Sùúrù, tí ó jẹ́ kílò 20. Àwọn ajá kan, pàápàá ìran Collie, sì ní àbùdá kan tí wọ́n jogún tí ó ń jẹ́ kí oògùn yìí wọ ọpọlọ wọn, tí wọ́n á sì dákú. Bákan náà, bí ọmọ aràn bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tí oògùn sì pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, ara ajá lè má gbà á. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí a tó fún ajá tí ó ti dàgbà ní oògùn ìdènà.

Ní ti oúnjẹ, Màmá Táíwò kò jìnnà sí òótọ́ pátápátá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ni òótọ́ náà gbà wá. Dókítà gbé ètè Sùúrù sókè ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó rí i pé erìgì rẹ̀ funfun. Ó kọ́kọ́ wá àìsàn tí eégbọn máa ń fà, èyí tí ń jẹ ẹ̀jẹ̀ tí ó sì ń mú kí ìtọ̀ dúdú, kò rí i. Ìgbà náà ni ó bi mí pé kí ni ajá yìí ń jẹ. Mo ní àmàlà àti ìyókù ọbẹ̀ ata wa ni, lálaalẹ́. Ó ní, “Àlùbọ́sà ńkọ́, mà?” Ẹni tí ó bá mọ ọbẹ̀ mi mọ̀ pé àlùbọ́sà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Àlùbọ́sà àti aáyù ń ba àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Sísè kò mú májèlé náà kúrò, dídín kò mú un kúrò, èyí tí a gbẹ tí a sì lọ̀ kúnná sì tún le ju tútù lọ. Èyí tí ó bá ju gíráàmù 5 lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara ajá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti léwu. Fún Sùúrù, gíráàmù 100 nìyẹn, àlùbọ́sà kan tí kò tilẹ̀ tóbi. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ náà a máa kó jọ. Nítorí náà, bí aràn ti ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọbẹ̀ mi ń dín ẹ̀jẹ̀ náà kù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè nípa ohun gbogbo. Èròjà theobromine inú kòkó máa ń mú kí ajá bì, kí ọkàn rẹ̀ máa sáré, kí gìrì sì mú un, nítorí pé ara rẹ̀ kì í tètè lè yọ ọ́ dànù bíi ti ènìyàn. Ṣokoléètì ni gbogbo ayé ń sọ, ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí, kòkó tí àwọn àgbẹ̀ sá sí ojú ọ̀nà ni kí ẹni tí ó ní ajá ní oko bẹ̀rù jù, nítorí pé ó le ju ṣokoléètì lọ. Obì pẹ̀lú ní káféènì nínú. Èso àjàrà, pàápàá gbígbẹ tí a ń fi sínú búrẹ́dì àti kéèkì, lè ba kíndìnrín jẹ́. Ṣíńgọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà lè ní xylitol, èròjà adùn tí a fi ń rọ́pò ṣúgà, tí í mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá já wálẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé, ẹmu àti ọtí líle kò sì yẹ ẹ́ rárá. Nígbà Iléyá, ọ̀rá àgbò tí a ń gé jù sílẹ̀ fún wọn lè mú kí pancreas wọn, ẹ̀yà ara inú ikùn tí ń bá wọn lọ oúnjẹ, wú. Eegun adìẹ sísè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun.

Sùúrù ń jẹ oúnjẹ ajá tí a ń tà nínú àpò báyìí, mo sì máa ń fi ìrẹsì funfun, iṣu sísè, ẹyin sísè tàbí ẹran adìẹ tí mo ti yọ eegun rẹ̀ kún un díẹ̀, láìsí iyọ̀, ata, Maggi tàbí àlùbọ́sà. Kì í ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Àmàlà lásán kò ní pa ajá, ṣùgbọ́n kò lè gbé ara rẹ̀ ró láìsí ẹran tàbí ẹyin.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, wọn kò rí aràn mọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan ni mo ń fún un ní oògùn ìdènà, ní òjò ní ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé kò sí oṣù tí ẹ̀fọn kì í sí ní Òṣogbo, ọmọ aràn tí ó wọlé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí ó ṣáájú ni oògùn náà sì ń pa. A ti kó àwọn táyà dànù. Nígbà tí Màmá Táíwò gba ọmọ ajá kan lọ́dún tí ó kọjá, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà fún wọn nígbà tí ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó bẹ̀rẹ̀ oògùn ìdènà tirẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, a sì jọ ra nẹ́ẹ̀tì kan, a gé e sí méjì, a kan ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnu ilé ajá wa.